Ta Ni Ká Fún Ní Bátì, Ta Ni Ká Fún Ní Bọ́ọ̀lù?

Eré kan ṣoṣo ni lẹ́tà oṣù yìí dá lé: kí èèyàn kó àwọn olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, àtòkú àtalààyè, kó sọ wọ́n di ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì. Eré ẹnu ni o, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kò fi ní di ìsọkúsọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ fi eré yìí ṣe fàájì níbi ìpàdé wa. Àwọn kan nínú wa gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ìwé, àwọn yòókù kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni mélòó la ó mú, ibo la ó sì ti bẹ̀rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Ìbàdàn)

Mọ́kànlá ni, àti ẹnì kan tí yóò jókòó síta. Ẹ má tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á kọ Churchill, wọ́n á kọ Thatcher, wọ́n á kọ Blair, kí wọ́n tó dé orí ẹni kẹfà, ọ̀gá mẹ́fà ni wọ́n ti kó jọ, tí gbogbo wọn fẹ́ mú bátì, igi tí wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù, tí kò sì sí ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kó tó kan èèyàn. Ìka tó tọ́ símú la fi ń re é.

Fún àwọn tí kò mọ eré náà: ojú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jù ú gùn ní yáàdì 22. Òpó igi mẹ́ta ló wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, gíga wọn jẹ́ ínǹṣì 28, fífẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ jẹ́ ínǹṣì 9. Ajubọ́ọ̀lù fẹ́ fi bọ́ọ̀lù wó òpó, oníbátì ń dáàbò bò ó. Bí oníbátì bá lu bọ́ọ̀lù jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ààyè, ìyẹn rọ́ọ̀nù kan. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú ófà kan. Bí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́wàá jáde, ó parí, torí ẹni kọkànlá kò lè dá sáré.

Ẹ wá fa ìlà mọ́kànlá sórí ìwé. Ìlà 1 àti 2 ni ti àwọn tó ń kọ́kọ́ wọlé, sùúrù ni wọ́n fi ń jẹun. Ìlà 3 sí 5 ni ti àwọn tó mọ bátì lò jù. Ìlà 6, ẹni tó lè lù, tó sì lè jù. Ìlà 7, aṣọ́pòó, ìyẹn ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn òpó. Ìlà 8 sí 11 ni ti àwọn ajubọ́ọ̀lù, méjì tó ń yí bọ́ọ̀lù àti méjì tó ń fi agbára jù ú. Pẹ̀lú ẹni kẹfà, ajubọ́ọ̀lù márùn-ún nìyẹn. Bí ẹ bá mú mẹ́ta péré, ó máa ti rẹ̀ wọ́n kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ márùn-ún sì ni ìdíje Test, ìyẹn eré ńlá láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè nǹkan méjì nípa olóòtú ìjọba kọ̀ọ̀kan: báwo ló ṣe wọlé, báwo ló ṣe jáde? Ìkejì ni kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ni òfin kíríkẹ́ẹ̀tì kà sílẹ̀ tí oníbátì fi lè jáde, ẹ ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí olóòtú ìjọba tí kò bá ọ̀kan mu. James Callaghan, ìbò kan ṣoṣo ló lé e jáde, 311 sí 310, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979: bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan òpó, igi kékeré orí rẹ̀ já bọ́. David Cameron fúnra rẹ̀ ló pe ìdìbò ará ìlú ti oṣù Kẹfà ọdún 2016 lórí kíkúrò nínú àjọ Yúróòpù, ó sì kéde láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé òun máa fipò sílẹ̀: ó na bátì sí bọ́ọ̀lù tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà mú lẹ́yìn rẹ̀. Neville Chamberlain borí nínú ìbò ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, 281 sí 200, síbẹ̀ kò lo ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Adájọ́ ní kò tíì jáde, àwọn ọmọ ikọ̀ tirẹ̀ ló bojú wò ó tí ó sì yẹra.

Èmi àti àbúrò ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ó ní Thatcher ni balógun ikọ̀, èmi ní Churchill ni. Ẹ bá wa dá a. (Ìyá Ìbejì, Peckham, London)

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Balógun ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì kò ní láti jẹ́ ẹni tó lágbára jù. Òun ló ń pinnu ẹni tí yóò ju ófà tó kàn, ibi tí kálukú máa dúró sí, àti ìgbà tí wọ́n máa sọ pé rọ́ọ̀nù àwọn ti tó, kí ikọ̀ kejì wá lù. Mike Brearley jẹ́ balógun England nínú ìdíje Test 31, 4 péré ni wọ́n pàdánù. Ìpíndọ́gba rọ́ọ̀nù tirẹ̀ nínú Test kò ju 22.88 lọ, bẹ́ẹ̀ oníbátì gidi máa ń wá 40 sókè. Orí rẹ̀ ni wọ́n mú un fún.

Ẹni tó jọ ọ́ nínú àwọn olóòtú ìjọba ni Clement Attlee, 1945 sí 1951. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ernest Bevin, Aneurin Bevan, Stafford Cripps àti Herbert Morrison ni mínísítà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí kò rò pé òun gbọ́n ju ẹnì kejì lọ, Bevin kò sì fẹ́ rí Morrison sójú. Attlee fún kálukú ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ó sì dákẹ́. Bevan ni tirẹ̀ bí NHS, ètò ìlera tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948. Kí ẹ sì tún mọ̀: ohun tó mú kí Attlee gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ ìròyìn wọ No. 10 Downing Street, ilé olóòtú ìjọba, ni pé ó ń tẹ èsì kíríkẹ́ẹ̀tì jáde.

Ní ti Thatcher, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1990, níbi àsè Lord Mayor ní London, ó ní òun ṣì wà níwájú òpó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sí òun ti ń le, àti pé òun kò ní bẹ̀rẹ̀ fún bouncer kankan. Bouncer ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n là mọ́lẹ̀ kó lè fò sí orí oníbátì. Lọ́jọ́ kejì ni Geoffrey Howe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò igbákejì rẹ̀ sílẹ̀, dìde nílé aṣòfin. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán oníbátì méjì àkọ́kọ́ jáde, tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n wá rí i pé balógun ikọ̀ àwọn gan-an ló ti ṣẹ́ bátì àwọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbátì méjì tó ń wí ni mínísítà ètò ìnáwó àti gómìnà báńkì àgbà ilẹ̀ náà. Mínísítà ètò ìnáwó ọ̀hún ni John Major. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn dìbò yan olórí ní ọjọ́ 20, Thatcher ní 204, Michael Heseltine tó bá a du ipò náà ní 152. Ìbò mẹ́rin ló kù kí tirẹ̀ tó iye tí òfin ẹgbẹ́ fẹ́. Ní ọjọ́ 22, ó ní òun ń lọ.

Alátakò kọ́ ló lé e jáde, mà. Ìdí nìyẹn tí a fi fún un ní bọ́ọ̀lù. Ajubọ́ọ̀lù alágbára ni, kì í jẹ́ kí oníbátì mí, ẹ bi àwọn awakùsà èédú tó yanṣẹ́ lódì ní 1984 sí 1985. Kó ṣáà má sún mọ́ ibi tí àwọn ẹlòmíràn kó bátì sí. Churchill náà, bọ́ọ̀lù la fún un. Ìgbà tí iná bá ti jó dé òrùlé ni wọ́n ń pè é, bíi ti oṣù Karùn-ún ọdún 1940. Bí ogun ṣe ń parí lọ ní 1945, ará ìlú gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Attlee. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé àwọn ará ìlú ti dájọ́ kó tó kàn wá.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìjọba yìí gbá kíríkẹ́ẹ̀tì gidi rí? (Òǹkàwé, Ọ̀yọ́)

Òótọ́ ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì gbá a dé ipele gíga tí wọ́n ń pè ní first-class: Alec Douglas-Home, olóòtú ìjọba láti oṣù Kẹwàá ọdún 1963 sí oṣù Kẹwàá ọdún 1964. Láàárín 1924 sí 1927, nígbà tí oyè rẹ̀ ṣì jẹ́ Lord Dunglass, ó gbá ìdíje mẹ́wàá, fún ikọ̀ Middlesex, Yunifásítì Oxford, MCC àti àwọn mìíràn. Rọ́ọ̀nù 147 ló kó jọ, ó sì lé ẹni méjìlá jáde. Kò pọ̀, àmọ́ ó lù, ó sì jù. Ẹni kẹfà wa nìyẹn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Ti John Major ló kàn wá jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n rán wá sí Jos, ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1967, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 24, ọkọ̀ ní jàǹbá níbẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ fọ́ yángá. Kíríkẹ́ẹ̀tì tó ń gbá parí síbẹ̀. Wíwò ló kù. Nígbà tí wọ́n sì fi ìbò lé e lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, kò fi Downing Street sílẹ̀ tán kó tó gba pápá The Oval lọ, ó lọ wo kíríkẹ́ẹ̀tì.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí. Mo fi Theresa May ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọlé torí pé ó fẹ́ràn Geoffrey Boycott, oníbátì England àtijọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní mo ṣìnà. Ṣé mo ṣìnà? (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

Ẹ kò ṣìnà sà, àmọ́ ó ku ohun kan.

Bọ́ọ̀lù tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Awọ pupa ni, ó wọn gíráàmù 156 sí 163, okùn tí wọ́n fi rán an yọ síta. Bó bá balẹ̀ lórí okùn yẹn, ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò lè búra ibi tó máa yà sí. Ó tó ófà bíi 20 kí dídán rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ wọlé ni kó wà níbẹ̀ títí tí bọ́ọ̀lù á fi rọ̀. Èyí tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kó fi í sílẹ̀ kó lọ. Èyí tó bá ń bọ̀ wá sórí òpó, kó fi bátì dí i, kó mú un balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Major mọ eléyìí ṣe. Ọmọ ilé aṣòfin tó fi ju gbogbo alátakò lọ lẹ́yìn ìdìbò 1992 kò ju 21 lọ. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, owó pọ́n-ùn já lulẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún 1995, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi, ó fi ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá tó gbangba sùn lọ́yẹ́ jáde wá; ó na John Redwood, 218 sí 89. Ó ṣì wà níwájú òpó títí di 1997. Gbogbo ara rẹ̀ bó, òpó rẹ̀ dúró.

May náà lè dúró. Níwájú àwọn oníròyìn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ó ní Boycott kì í kúrò lórí ohun tó bá ń ṣe, ó sì máa ń rí rọ́ọ̀nù rẹ̀ kó nígbẹ̀yìn. Òótọ́ ni, Boycott kó rọ́ọ̀nù 8,114 nínú Test 108. Àmọ́ ìtàn Boycott ní apá kejì. Lọ́dún 1967, ó kó rọ́ọ̀nù 246 ní Leeds láìjáde, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀ torí pé ó pẹ́ jù lórí rẹ̀. Ní 1978, ní Christchurch, Ian Botham mọ̀ọ́mọ̀ pè é sáré tí kò lè dé ibi tó ń lọ, kí wọ́n lè lé e jáde, kí eré lè yá. Ọmọ ikọ̀ kan náà ni wọ́n o!

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe May. Ó gbé àdéhùn Brexit, ìyẹn kíkúrò nínú àjọ Yúróòpù, kan náà wá sílé aṣòfin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún 2019. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní 432 sí 202, wọ́n kọ̀ ọ́ ní 391 sí 242, wọ́n kọ̀ ọ́ ní 344 sí 286. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe ń dín kù: bọ́ọ̀lù ń rọ̀ lóòótọ́, ófà ló tán. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló pè é sáré.

Ohun tó kù nínú tiyín nìyẹn, sà. Bí ẹ bá fi adíbọ́ọ̀lù méjì síwájú, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹni tó lè kó rọ́ọ̀nù tẹ̀lé wọn. Harold Macmillan ni tiwa. Anthony Eden jáde lórí ọ̀rọ̀ Suez, ìjà lórí ọ̀nà omi ilẹ̀ Íjíbítì, Macmillan wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 1957 nígbà tí gbogbo pápá ń pariwo, nígbà tó sì fi máa di ìdìbò 1959, ó fi ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé ju alátakò lọ. Iṣẹ́ ẹni kẹta gan-an nìyẹn.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn máa ń fi Gordon Brown síta? Ó ṣiṣẹ́ ju Blair lọ. (Òǹkàwé, Òṣogbo)

A gbà pé ó ṣiṣẹ́. Sísáré ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni oníbátì méjì máa ń pè síra wọn: "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá", "dúró". Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀ ló ń pè é. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kejì ni. Bí ẹnì kan bá pe "bẹ́ẹ̀ ni" tí ẹnì kejì gbọ́ "dúró", àwọn méjèèjì á bá ara wọn ní ìpẹ̀kun kan náà, wọ́n á sì wó òpó ìpẹ̀kun kejì. Ọdún mẹ́wàá, 1997 sí 2007, ni Blair àti Brown fi wà bẹ́ẹ̀. Blair ń pe "dúró", Brown ti dé ìdajì ọ̀nà.

Nígbà tó wá kan Brown, ó gbára dì fún ìdìbò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, gbogbo ìlú ń retí, ó wá ní kò sí ìdìbò mọ́. Òfin fún oníbátì tó kàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti wà ní ìmúrasílẹ̀ níwájú òpó; bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti jáde láìrí bọ́ọ̀lù kankan. Nínú Ife Àgbáyé 2023, níbi tí ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fúnni, okùn akoto Angelo Mathews ti Sri Lanka já nígbà tó ń múra ní Delhi, wọ́n sì ní kó máa lọ. Brown nìyẹn. Òun ni ẹni kejìlá wa, tó ń gbé omi wọ pápá. Iṣẹ́ náà kì í ṣe yẹpẹrẹ: nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa àwọn báńkì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, òun ló gbé omi dé.

Blair fúnra rẹ̀ ni ẹni kẹrin. Bátì rẹ̀ dùn ún wò, ìdìbò mẹ́ta ló wọlé, kí ẹ sì má fi òun àti Brown síwájú òpó lẹ́ẹ̀kan náà mọ́.

Àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ sì tún sọ ibi tí Johnson àti Truss wà. (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Harold Wilson àti Lloyd George ló ń yí i. Ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù kì í lo agbára, ó ń jẹ́ kí oníbátì rò pé ọ̀tún ló ń lọ. Wilson pe ìdìbò ará ìlú lórí ọjà àjùmọ̀ní Yúróòpù ní 1975, ó sì fún àwọn mínísítà rẹ̀ láyè láti polongo ní ìhà méjèèjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1976, láìsí ẹni tó lé e, ó ní ó tó, ó sì jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń wá ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn yà sí.

Aṣọ́pòó ni Callaghan. Òun nìkan ló tíì di mínísítà ètò ìnáwó, ti abẹ́lé, ti òkèèrè, àti olóòtú ìjọba. Ẹni tó wà lẹ́yìn òpó ló ń rí gbogbo pápá.

Boris Johnson, kí ẹ mú un lọ síbi ìdíje ófà 20. Níbẹ̀, ó máa kó 80 kíákíá, bó ṣe fi 80 ọmọ ilé ju alátakò lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Nínú eré ọlọ́jọ́ márùn-ún, ní ọjọ́ kẹta, ó máa wò yíká, kò ní rí ọmọ ikọ̀ tirẹ̀ kankan, bó ṣe rí ní oṣù Keje ọdún 2022. Liz Truss lo ọjọ́ 49. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ dé, ó fi gbogbo agbára fi bátì, bátì yípo, ó wó òpó tirẹ̀. Òfin mọ ọ̀nà ìjáde yẹn dáadáa.

Kemi Badenoch, ọmọ wa, ẹ ò dárúkọ rẹ̀. (Òǹkàwé, Manchester)

Ẹni tó bá ti ṣe olóòtú ìjọba, tó sì ti jáde, nìkan la kà. Olórí ẹgbẹ́ Conservative ló dà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìyẹn kò tíì mú un dé iwájú òpó. A kì í kọ rọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì lù.

Ṣé a lè fi àwọn ààrẹ Nàìjíríà ṣe é? (Òǹkàwé, Èkó)

Kò ní bá a mu, ètò ìjọba ló fà á. Olóòtú ìjọba dà bí oníbátì: kò sí aago tó sọ ìgbà tó máa jáde, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé aṣòfin bá kọ̀ ọ́ náà ni. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ti ààrẹ, bí ìṣẹ́jú 90 ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe tiwọn. Kí ẹ wá ẹni tó ń ṣọ́lé, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé ara rẹ̀, àti àwọn tó ń bẹ rẹfirí pé kó fi àkókò kún un.

Abubakar Tafawa Balewa nìkan ni olóòtú ìjọba tí Nàìjíríà ní lẹ́yìn òmìnira, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì sì wà ní gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkó títí dòní. Àmọ́ ọ̀nà tó gbà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966 kò sí lára ọ̀nà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí òfin kíríkẹ́ẹ̀tì kà sílẹ̀. Àwọn tó wọ pápá lọ́jọ́ náà kò ju bọ́ọ̀lù rárá. Òpó ni wọ́n fà tu, tí wọ́n kó o lọ.